Soundbar tí Gbóyèga Gbé Wá

Dúrósinmí Adéògún ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa káàánú òun. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé glaucoma ti ba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́, pé ọ̀kánkán nìkan ni yóò máa rí, àti pé kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò mọ́, ńṣe ló fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bèèrè ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́. Whitehorn, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Ìrìn díẹ̀ báyìí ló wà láàárín ilé wọn àti ibùdókọ̀ train, train yóò sì gbé e dé downtown, níbi tó ti ń ya àwòrán ọ̀nà páìpù epo fún ilé iṣẹ́ kan. Kí ló fẹ́ fi mọ́tò ṣe?

Gbóyèga ló ní kó kúrò níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì ló so wọ́n pọ̀, àmọ́ àbúrò ló fi í ṣe. Dúrósinmí ló lọ pàdé Gbóyèga àtìyàwó rẹ̀ ní airport lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Calgary, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì gbé títí wọ́n fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Gbóyèga wá ra ilé sí Redstone, lẹ́yìn ìlú níbi tí train ò dé, tí ilé tó kọ ẹ̀yìn sí tirẹ̀ sì wà fún títà, ó sáré wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra eléyìí. Ọ̀nà kan náà là ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Mọ́tò mi, mọ́tò yín ni."

Adébísí, ìyàwó Dúrósinmí, fajú ro. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, kì í tíì dé lásìkò tí ọkọ rẹ̀ ń jáde láàárọ̀. "Bàbá Adéolúwa, bus wo ló wà níbẹ̀? Train kì í kó lọ o. Èèyàn ló máa ń kó lọ."

"Kì í ṣe Gbóyèga," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Wọ́n ra ilé náà. Láti ìgbà náà, fèrè mọ́tò Gbóyèga ni aago Dúrósinmí. Wọ́n tiẹ̀ gé ilẹ̀kùn kékeré sára fence tó pààlà ilé méjèèjì, kí ọbẹ̀ àti ọmọ lè máa gba ibẹ̀ kọjá.

Ní Saturday kan nínú November, Gbóyèga gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré yẹn wọlé, ó gbé páálí ńlá kan lọ́wọ́. Soundbar ni, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n jáde, òun àti subwoofer rẹ̀, àpótí tó ń mú kí ohùn náà bú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bùn yín rèé. Ohun tí ojú ò bá rí mọ́, etí á gbọ́ ọ." Inú Dúrósinmí dùn débi pé kò bèèrè pé ẹ̀bùn kí ni.

Wọ́n gbé e lọ sí basement. Gbóyèga to soundbar sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì fa subwoofer kúrò ní kọ̀rọ̀ torí pé kọ̀rọ̀ máa ń jẹ́ kó bú jù. Dúrósinmí tẹ bọ́tìnnì tí yóò so àpótí náà mọ́ soundbar, àmọ́ iná rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ojú rẹ̀ ò dé.

"Ṣé iná yẹn ti dúró?"

"Ó ti dúró, ẹ̀gbọ́n." Ó sì gbà á gbọ́.

Gbóyèga fi Bluetooth so fóònù rẹ̀ mọ́ soundbar, ó fi orin dán an wò, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló pa orin, ó ní òun fẹ́ mu omi, ó sì gòkè lọ sí kíṣìnnì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìyàwó òun fi voice note ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan, ló bá ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ó ti gbàgbé pé fóònù náà ṣì wà lára soundbar.

Ní basement, ohùn Olúwadùnsìn, ìyàwó Gbóyèga, gba gbogbo yàrá:

"Daddy Tófúnmi, ṣé ẹ ti gbé soundbar fún ẹ̀gbọ́n? Jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún wọn o. Realtor ní àwọn tó fẹ́ ra ilé wa ń bọ̀ lọ́la, and January ni ẹ máa resume iṣẹ́ tuntun yẹn ní Halifax. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀bùn yẹn first."

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Dúrósinmí jókòó síbi tó wà. Ó dùn ún dé egungun. Kì í ṣe pé Gbóyèga ń lọ sí Halifax, ní ìkángun Canada lọ́hùn-ún, ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rí iṣẹ́ níbikíbi. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń tàn án bí ọmọ ọwọ́ ló dùn ún.

Gbóyèga ti sáré sọ̀kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Lẹ́yìn Christmas ni mo fẹ́ sọ fún yín."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"August."

"August tá a gé ilẹ̀kùn sára fence?"

Gbóyèga já fóònù rẹ̀ kúrò lára soundbar.

"Àràárọ̀ la jọ ń wà nínú mọ́tò," ni Dúrósinmí wí. Bó ṣe sọ ọ́ ló yé e: apá òsì rẹ̀ ni Gbóyèga máa ń wà, níbi tí ojú rẹ̀ kì í dé. Kò rí ojú ọmọkùnrin náà láàárọ̀ rí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, Gbóyèga. Ìwọ̀nba tó kù fún mi yìí, o ò lè wò ó kó o sọ̀rọ̀?"

Láàárọ̀ Monday, snow ti bo ọ̀nà. Adébísí ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Fèrè dún. Dúrósinmí dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wù ú kó jẹ́ kó dún títí tí yóò fi rẹ ẹni tó ń fun ún. Àmọ́ kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà dé ibi iṣẹ́, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó jáde. Ẹ̀yìn mọ́tò ló jókòó sí, láàárín gbùngbùn, níbi tó ti lè rí ojú Gbóyèga ní ọ̀kánkán nínú dígí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Máa wa mọ́tò rẹ lọ," ni Dúrósinmí wí.