Ọlọ́run Kò Tíì Fọhùn Nípa Òkukù

Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Ó ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́, bí ìgbà tí èmi bá ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, síbẹ̀ ọkọ̀ ò dúró. Iwájú ni mo jókòó sí. Òkukù la ti ń bọ̀, a sì ti wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kù díẹ̀ ká dé Inísà. Obìnrin kan lẹ́yìn ń ráhùn pé gaàrí ti wọ́n jù. Kò tíì mọ̀. Mo wo ojú awakọ̀: òógùn ti bò ó. Ó ti yé mi pé bíréèkì ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọkọ̀ yà wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ó sì dojú dé. Kò sẹ́ni tó kú. Apá mi kán, ó sì jinná. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó dé iwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá lè gbé mi dé ní Ìkìrun ni mò ń lọ.

Èmi sì ni tíṣà àwọn ọmọkùnrin ìjọ wa, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò rọrùn. Ohùn wọn ń yí padà, ojú ń tì wọ́n láti kọrin àpatẹ́wọ́, bí o bá sì wàásù fún wọn, ojú fèrèsé ni wọ́n á máa wò. Ohun kan ṣoṣo tó ń fà wọ́n wá ní ọ̀sán Sátidé ni "Idà sókè". Kálukú á gbé Bíbélì sókè bí idà, èmi á pe ẹsẹ kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i á fò dìde kà á. Lọ́dọọdún, àwọn ìjọ agbègbè wa máa ń pàdé ní Òkukù láti fi díje, wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí Òkukù ni wọ́n ṣe ń wá.

Nígbà tí àkókò ìpàdé náà dé lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn, n kò lè sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i. Ọlọ́run kò tíì fọhùn nípa Òkukù." Nínú ìjọ tiwa, ta ni yóò bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn? Àwọn àgbà mi orí, a ò sì lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo tún sọ ọ́.

Èyí tó ga jù nínú àwọn ọmọ náà, ẹlẹ́nu mímú, ní, "Tíṣà, ṣé dátà Ọlọ́run ti tán ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi gbóná. Ní Sátidé kejì, àga òfìfo ni mo bá. Wọ́n ti wà lórí pápá bọ́ọ̀lù.

Màmá tó ń darí ẹ̀ka àwọn ọmọdé pè mí lẹ́yìn ìsìn. "Bùrọ̀dá tíṣà, ìgbìmọ̀ ìjọ ní bí àwọn ọmọ yín ò bá lọ Òkukù lọ́dún yìí náà, ká kó wọn pọ̀ mọ́ tèmi."

"Mọ̀mí, àwọn tí irun ti ń hù lágbọ̀n? Kí wọ́n wá máa jókòó ti àwọn tí ikun ń yọ nímú?"

"Ẹ kó wọn lọ Òkukù nígbà náà."

Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọn mọ́ àwọn ọmọdé, ọjọ́ náà ni a pàdánù wọn.

Mo lọ bá wọn lórí pápá, mo sọ ohun tí ìgbìmọ̀ wí. Mo wá sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run ni kò fọhùn, èmi ni mò ń bẹ̀rù ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Èyí tó ga ní, "A ti mọ̀ tipẹ́, sà. Bí ọkọ̀ kòrópe bá ń bọ̀, inú gọ́tà lẹ máa ń bọ́ sí."

Lọ́jọ́ ìpàdé Òkukù, àárín wọn ni wọ́n fi mí sí nínú ọkọ̀. A kọjá Inísà, mo rí oko ẹ̀gẹ́ náà, mo sì kígbe pé kí awakọ̀ dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bì sẹ́bàá ọ̀nà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ọ̀kan gbé omi fún mi. Èyí tó ga ti Bíbélì rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Idà sókè, tíṣà! Ọbadáyà, ẹsẹ kẹta!"

Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn, mi ò rí Ọbadáyà.

"Háà! Tíṣà ò mọ̀ ọ́n!"

Pẹ̀lú ẹ̀rín ni wọ́n fi tì mí padà sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń pe ẹsẹ mọ́ mi títí a fi dé Òkukù. Mi ò ṣáájú wọn ṣí ọ̀kankan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, màmá náà dìde, ó ní ìgbìmọ̀ ti fi àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò ní sí ìdàpọ̀ kankan. Ó bi wọ́n pé, "Báwo lọ̀nà ti rí?"

"Ó dáa, mà," ni èyí tó ga dáhùn. "Tíṣà tiẹ̀ sùn lọ ni."

Gbogbo ìjọ yí ojú sí mi. N kò lè gbé orí sókè, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Mo ní "Àmín," bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbàdúrà.