Ẹni Tó Ń Túmọ̀ Kátúùnù fún Wa ní Bẹ́yẹrúnkà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé rédíò àtijọ́ kan lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Bó ṣe taná sí i, eruku inú rẹ̀ gbóná, òórùn kan sì jáde, òórùn eruku tí iná ń yan. Mo kàn wá ibì kan jókòó ni. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti gbọ́ irú òórùn yẹn gbẹ̀yìn, ní pálọ̀ bàbá àgbà wa ní Bẹ́yẹrúnkà, n'Ìbàdàn, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tí agbo ilé wa ní wà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà mí gbọ́: tẹlifíṣọ̀n yẹn kò lóhùn. Àwòrán rẹ̀, dúdú àti funfun, a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú. Ìyẹn ò ní ká má kún pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí kátúùnù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A tó bíi méjìlá lórí ẹní, à ń fi ìgúnpá ti ara wa, àti ewúrẹ́ ìyá àgbà tí kì í gbà ká fi òun sílẹ̀ níta.

Ìyá Kékeré ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni, fìlà ló ń rán tà. Nítorí pé ó bá mi nílé, kì í pè mí lórúkọ. Adúmáadán ló ń pè mí. Ó ti gbé Gánà rí, ó sì gbọ́ Òyìnbó díẹ̀, a wá gbà pé bí ẹnu àwọn ẹranko yẹn bá ti ń mì, ó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àwa á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, òun á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn wa.

Ẹranko ńlá kan bí ajá wà nínú kátúùnù náà, ó wé ìborùn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan kiri. Ìyá Kékeré ní Kòfí lorúkọ ọmọ náà. Ó ní ó sọnù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níbùdókọ̀, ìyá sì ń wá a, oúnjẹ ọmọ ló wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Lásísì àbúrò mi béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ajá máa ń bí pẹ́pẹ́yẹ ni?"

"Bí ọmọ ò bá jọ ìyá ẹ̀," ni Ìyá Kékeré dáhùn, "ṣé wọ́n á torí ìyẹn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Bí Kòfí bá ti ń sá lọ, a ó máa pariwo: "Kòfí, dúró! Màmá ẹ nìyẹn!" Àwọn kan a máa sunkún lọ sùn. Èmi, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí ìyá bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo ti ń ṣe tíṣà, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé nítòsí Mápó, yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ní Bẹẹrẹ. Kátúùnù wa ni! Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ jáde, ohùn jáde. Ajá tí mo mọ̀ pupa fòò: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ohùn ọkùnrin ló jáde lábẹ́ ìborùn. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀, mo rí ọ̀bẹ, mo rí iyọ̀, mo rí ata.

Mo dìde dúró.

"Ìyá ẹ̀ ni," mo ní. "Ìyá ẹ̀ ló ń wá a."

Fúnmiláyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà! Ó fẹ́ pa á jẹ ni!"

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àṣé ikú Kòfí ni mo ń gbàdúrà fún.

N ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó dé ilé. Ìyá Kékeré wà níwájú ilé, ó ń rán fìlà. N ò tilẹ̀ kí i.

"Ẹ parọ́ fún wa," mo ní. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni! Kò sí Kòfí kankan níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Kòfí wà, Adúmáadán. Ọmọ mi ni."

Ó wá sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé, ó ti gbé ọmọ náà wọ ọkọ̀ kí baba rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, tó dé, tó sì já a gbà. Baba náà ní ọmọ òun ò lọ síbì kankan.

"Ọkọ̀ ṣí," ó ní, "ọmọ ń sáré tẹ̀ lé wa. Mo jókòó. N ò bẹ́ sílẹ̀. Nínú kátúùnù yín yẹn nìkan ni ìyá ti sáré." Ó nu ojú. "Bàbá yín kékeré mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ nìkan ni mo sọ fún."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó já mi láyà jù ni pé, nínú àwa méjìlá, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò ó rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a kọ lẹ́tà sí Kòfí. A fi rán oníṣòwò aṣọ kan ní Òjé tó máa ń lọ sí Kùmásí, ìlú baba Kòfí. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí èsì tó dé. Kòfí wà láàyè, iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Nígbà tó wá, ó ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà wa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń pè é ní "Màdáámù." Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè é ní ìyá. Ìyá Kékeré wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Kòfí tún wá kí ìyá rẹ̀ tó kú.

Wọ́n ti wó pálọ̀ bàbá àgbà, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ wa gbọ́ Òyìnbó jù wá lọ, fóònù oníkálukú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kòfí ò jẹ́ kí ọdún Iléyá kan kọjá kí wọ́n má pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, àgbà wọn béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìyá àgbà òun tilẹ̀ wá bàbá òun rí. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti dìyá ọmọ, ó tó mọ̀. Mo sọ ti ọkọ̀ fún un, àti ti ìyá tó jókòó. Mo dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ máa bá a lọ, Ànti. Mò ń gbọ́."