Ọjọ́ Tí A Ní Kí Mánẹ́jà Báńkì Jáde Wá Sọ̀rọ̀ ní Dùgbẹ̀

Ní ọdún tí ìjọba àpapọ̀ yí àwọ̀ náírà padà, tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ná ti àtijọ́ mọ́, tí tuntun kò sì tó nǹkan, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì ní ẹ̀ka wa rí, ìyanṣẹ́lódì kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí, àárín àwọn tó wá gba owó ni mo wà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi ló gbé mi kúrò ní Bódìjà. Ẹni tó ń tà á kò gbà kí n fi fóònù san án mọ́, torí owó kì í tètè wọlé fún un. Nígbà tí mo dé Dùgbẹ̀, èrò ti kún iwájú báńkì dé títì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, kò sì sẹ́ni tó bá wa sọ ohunkóhun. Bí oòrùn ṣe ń mú, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé táyà wá, wọ́n ń wá epo tí wọ́n máa dà sí i.

Kúnlé, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Agbowó, ló ṣáájú wọn. Ó pariwo pé, "Bí wọn ò bá ṣílẹ̀kùn, a máa fọ́ ọ ni!"

Mo gbójú sókè, mo rí Ṣadé lójú fèrèsé, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó wà nínú oyún. Mo ti ara mi dé iwájú.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ò kúkú rí owó gbà. Kí lẹ fẹ́ sọ?"

Mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ fún wọn. "Láyé àwọn bàbá wa, báńkì ń wó lọ́tùn-ún lósì ní Amẹ́ríkà, gbogbo ènìyàn ń sáré lọ gba owó wọn. Ààrẹ tuntun wọn ti gbogbo báńkì pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ó wá bọ́ sórí rédíò, ó fi èdè tó yé mùtúmùwà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn tó ti kó owó pamọ́ sílé tún tò, wọ́n ń dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀."

Bàbá kan kígbe lẹ́yìn pé, "Ìyá, Nàìjíríà lèyí o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan Kúnlé.

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ààrẹ ò ní wá bá wa sọ̀rọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n mánẹ́jà wà nínú ilé yìí, ó sì lẹ́nu."

"Tí kò bá jáde ńkọ́?" Kúnlé ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"A ó jókòó títí yóò fi jáde."

Kúnlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. A ń ké pé, "Mánẹ́jà, wá sọ̀rọ̀!" títí ó fi di orin. Mo rí i tí Ṣadé kúrò lójú fèrèsé. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, mánẹ́jà yọ, òógùn bò ó.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀rù yín ló bà mí. Owó tí wọ́n gbé fún wa kò tó, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Obìnrin aránṣọ kan láti Mọ́kọ́lá dá a lóhùn pé, "Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni, ọ̀gá. Ṣé ó ṣòro ni?"

A fẹnu kò pé kí wọ́n fún oníkálukú ní díẹ̀díẹ̀, kí àwọn arúgbó àti aláìsàn ṣáájú. Kúnlé àti aránṣọ náà wọlé láti ṣojú wa. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Mo rí díẹ̀ gbà, mo sì ra oògùn délé. Ẹnikẹ́ni kò farapa, wọn ò sì fọ́ fèrèsé kankan. Inú mi ń dùn sí i títí dòní. Síbẹ̀, owó náà tán kó tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọjà kan sì wà tó kú lọ́dún náà tí wọn kò jí mọ́. Lẹ́yìn wàhálà tiwọn, Amẹ́ríkà ṣòfin tó ń dáàbò bo owó ẹni tó fi owó sí báńkì. Àwa náà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Èyí tí a kò tíì ní ni aláṣẹ tó gbà pé òun jẹ aráàlú ní gbèsè àlàyé. Bí ìjọba bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́la, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tètè jáde síta, kí aráàlú tó pè yín.