Ọ̀dà Èékánná Tó Kó Mi Yọ Lọ́wọ́ Mùfú Mẹkáníìkì

Ọjọ́ tí bíréèkì ọkọ̀ mi kọ̀ láti mú lójú ọ̀nà Ajah ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Láàárọ̀, Mùfú mẹkáníìkì tú táyà, ó fi páàdì bíréèkì tó ti jẹ tán hàn mí, ó sì gba owó lọ́wọ́ mi lọ ra tuntun. Ojo ni mí, n kì í fọkàn tán mẹkáníìkì. Mo yọ́ mú ọ̀dà pupa tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná nínú ọkọ̀, mo fi sàmì sí páàdì àtijọ́ náà. Kí n tó jẹun dé, Mùfú ti de táyà padà.

"Ẹ máa gbé e lọ, ọ̀gá. Ó ti dá ṣáká!"

Ní Ṣàngótẹ̀dó, mo tẹ bíréèkì. Ó han gooro, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ké "Yéè, ìyá mi ò!" títí mo fi kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ àǹtí kan.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe o!"

"Òótọ́ ni, èmi ni mo wakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi."

A wọ́ ọkọ̀ mi padà. Mùfú kò tijú: "Páàdì tuntun ni mo fi sí i. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni kò dáa."

Mo sọ fún alága àwọn mẹkáníìkì pé mo ti fi ọ̀dà èékánná sàmì sí páàdì àtijọ́, òun fúnra rẹ̀ sì tú táyà. Ọ̀dà ìyàwó mi ń pọ́n yòò lára páàdì.

Alága ní, "Mùfú, ṣé páàdì tuntun yìí ń lọ síbi ìgbéyàwó ni, tó fi kun èékánná? Ìwọ lo máa tún ọkọ̀ méjèèjì ṣe!"

Àǹtí náà kúnlẹ̀ kí mi. "Bàbá, ẹ mà gbọ́n o!"

N kò sọ fún un pé ẹ̀rù ni, kì í ṣe ọgbọ́n. Ìyàwó mi ṣì ń wá ọ̀dà rẹ̀ títí dòní. Inú ọkọ̀ mi ló wà.