Àpótí Funfun Orí Òrùlé Wa

Ní Jeddo, lẹ́bàá Warri, èmi kì í sá aṣọ ilé-ìwé ọmọ mi síta bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìhà iná gáàsì iléeṣẹ́ epo wá. Bí mo bá sá a, ọrùn aṣọ náà á ti dúdú kí ó tó gbẹ. Lókè ọ̀pá irin gíga kan ni iná náà ti ń jó tọ̀sán-tòru, láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin ni. Bí èéfín bá pọ̀, èémí rẹ̀ á máa dún bí fèrè tó ti là.

Lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ tó di ìbọn mú lójú omi ń fọ́ páìpù epo, amòfin obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló rán an. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń ṣe ìpàdé lókè òkun nítorí ayé tó ń gbóná, owó sì wà nílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó lè gba gáàsì náà, kí wọ́n fi ṣe iná mànàmáná dípò kí wọ́n máa sun ún. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ni iná náà ti sọ fún ìpàdé yẹn pé èéfín kò dé ilé ẹnikẹ́ni. Àwa la máa fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀rọ kékeré kan yóò máa wọn èéfín lórí òrùlé, láti ìgbà òjò títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Bí ó bá dáwọ́ dúró láàárín, wọn kò ní gbà á.

Mo ní kí wọ́n gbé e sórí òrùlé wa. Onílé wa, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Okpe, rẹ́rìn-ín.

"My Yoruba wife, so na for your roof oyinbo wan hear say we dey cough?"

Ṣùgbọ́n ó gbà.

Àpótí funfun ni, kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, iná aláwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ páànù, lókè yàrá ọmọ mi gan-an.

"Mummy, na my cough e dey write so?"

"Èéfín ló ń wọ̀n. Wọ bàtà rẹ."

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ oríta wa dá mi dúró: ta ni iná yẹn ń ṣẹ́jú fún? Wọ́n rò pé àmì ni fún àwọn ọ̀dọ́ ojú omi. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Kò pẹ́ sí i, ọ̀dọ́kùnrin méjì gun ọ̀kadà wá. Èyí tó sọ̀rọ̀ kí mi dáadáa.

"Mummy, good afternoon. That thing wey dey your roof, dem say na army camera."

"My pikin, na smoke e dey measure."

"Smoke wey everybody dey see?" Ó wo ọmọ mi tó ń jẹ gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà. "Na your pikin be this? Fine boy."

Wọ́n tan ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ.

Mo yá àkàbà onílé, mo gòkè, mo fi òòlù fa ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onílé bá mi di àkàbà mú. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Amòfin náà kò bínú. Mo bi í bóyá wọn kò lè gba èyí tí ẹ̀rọ ti wọ̀n. Ó ní rárá, ìlànà wọn kò mọ̀ pé ìbọn wà ní Warri. Mo bi í ta ló lè fi dandan mú iléeṣẹ́ náà pa iná yẹn.

"Ìjọba ni, mà."

"Ta ló wá lè mú ìjọba?"

"Ìpàdé yẹn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n lè bẹ ìjọba."

Nígbà tó yá, ó mú ìròyìn wá. Ìpàdé yẹn ti gbà kí iléeṣẹ́ náà gbin igi sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kí wọ́n kà á sí àtúnṣe fún èéfín tiwa. Iná wa lè máa jó lọ. Mo sọ ọ́ fún onílé.

"Then make dem carry your pikin go the place."

Ihò ìṣó wà nínú páànù náà títí di òní. Mo ti fi ọ̀dà dí wọn, kò dúró. Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń fa bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. Omi tó ń kán sínú rẹ̀ dúdú. Mo máa ń dà á nù kí ó tó ti ilé-ìwé dé, kí ó má baà rí i.