Orúkọ Àbúrò Mi Lábẹ́ Òrùlé Aláwọ̀ Ewé

Nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ pa àbúrò mi obìnrin lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń padà sí yàrá rẹ̀ ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ógbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà kò jẹ́ kí màmá mi dé ibi tí a sin ín sí. Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ẹkún bá ti fẹ́ gbọ̀n màmá mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ti dé: "Ẹ dákẹ́, Màmá. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí." Èmi ni èyí tó kù. Mo kórìíra àdúrà yẹn.

Nígbà tí a wá gbọ́ pé aṣojú wa fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀nà náà àtàwọn tó kú síbẹ̀ nílé aṣòfin l'Ábújá, màmá mi di ẹrù.

"Wọ́n á dárúkọ ọmọ mi níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́ ọ."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, òrùlé ilé náà dà bí igbá tútù tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Nígbà tí a wọ abẹ́ ẹ̀, ńṣe ni ọrùn ń ro mí níbi tí mo ti ń wòkè. Ìjókòó àwọn aṣòfin yí ká nísàlẹ̀, níwájú àga gíga olórí wọn. Ti àwa ará ìlú wà lókè, bíi bákónì. Mo ti rò pé torí kí ohùn wa lè débẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Ẹ̀ṣọ́ kìlọ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé ká wòran, ká má fọhùn.

Aṣojú wa dìde. Ó ní ọ̀nà ti bàjẹ́, ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ṣòfò. Màmá mi na ọrùn, wọ́n ń retí. Orúkọ kankan kò jáde. Olórí ilé ní kí gbogbo ilé dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn òkú.

"Kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?" ni màmá mi bi mí.

"Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni, Màmá."

"Ọ̀fọ̀ wo? Ṣé ọmọ mi ò lẹ́ni tó máa sunkún ẹ̀ ni?"

Kí n tó di ọwọ́ màmá mi mú, wọ́n ti figbe ta. Wọ́n pe orúkọ àbúrò mi, wọ́n ki oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Òrùlé ńlá yẹn gba ohùn wọn, ó dà á sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rọra mú wa jáde, ọ̀kan tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí à ń padà sílé, tí bọ́ọ̀sì wa kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, tó dé ibi tí jàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, awakọ̀ ń yà fún kòtò. Màmá mi forí ti fèrèsé, wọ́n ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́.

Obìnrin kan tó jókòó tì wá, tí a kò mọ̀ rí, bi wọ́n pé, "Ta lẹ̀ ń pè, Màmá?"

"Ọmọ mi ni. Ibí yìí ló kú sí."

Obìnrin náà tún orúkọ náà pè, ó sì bú sẹ́kún.