Pẹ́dàlì Apá Òsì

Abẹ́ mọ́tò ni Màmá wà nígbà tí fóònù wọn dún. Ẹsẹ̀ òsì wọn nìkan ló yọ síta, nínú ìbọ̀sẹ̀ búlúù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí wọ́n ṣe fún wọn ní ọsibítù, ni wọ́n ti bọ́ tí wọ́n sì fi ti ògiri gáréèjì, tòun ti bàtà nídìí rẹ̀. Epo dúdú ń kán sínú bàsíà, tó, tó, tó. Bàálù kan ń kọjá lókè ilé, àwọn sípánà orí tábìlì ń gbọ̀n, nítorí náà ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ pé fóònù ló ń dún.

"Gbé e," ni Màmá wí láti abẹ́ mọ́tò. "Tó bá jẹ́ ọmọ mi ni, sọ fún un pé mo ń sùn."

Ọmọ wọn ni lóòótọ́, tí èmi ń pè ní Bùrọ̀dá, tí wọ́n ń ṣe dókítà ní New Jersey. Wọ́n béèrè pé, "Mọ́mì ńkọ́?" Mo lanu láti sọ pé wọ́n ń sùn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Wọ́n wà lábẹ́ mọ́tò, sà."

Sípánà já bọ́ lọ́wọ́ Màmá lábẹ́ mọ́tò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ìsàlẹ̀ ilé Màmá ni èmi àti ìyá mi ń gbé, ní Springfield Gardens, àdúgbò kan nílùú òyìnbó nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí bàálù ti máa ń fò sílẹ̀ débi pé mo lè ka fèrèsé ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni ìyá mi ń ṣe. Wọ́n á ti jáde kí n tó jí, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Tí mo bá ti ti ilé ìwé dé, òkè lọ́dọ̀ Màmá ni mò ń lọ. A kì í ṣe ìbátan. Ìjẹ̀bú ni Màmá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn nínú ilé náà. Tí Màmá bá fẹ́ rí mi, wọ́n á fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn wọn kan ilẹ̀ pákó lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì gbọ́ ọ lórí àjà wa nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ àga bàálù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà ni àtọ̀gbẹ mú ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì gé e lábẹ́ orúnkún. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ṣì wà tí Bùrọ̀dá fi ta mọ́tò ńlá tí wọ́n ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bùrọ̀dá kò ní èrò búburú. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá dé láti ọsibítù, tí wọ́n wo iwájú ilé, tí wọ́n ní, "Mọ́tò mi dà?"

"Mọ́mì, ẹ ò nílò ẹ̀ mọ́. Èmi ni mo máa máa gbé yín lọ síbi tí ẹ bá fẹ́ lọ."

Sunday àkọ́kọ́, Bùrọ̀dá wá. Ìkejì, wọ́n wá. Ìkẹta, iṣẹ́ pè wọ́n. Ní ìkẹrin, èmi àti Màmá jókòó dè wọ́n ní pálọ̀ pẹ̀lú gèlè àti Bíbélì títí ìsìn fi parí. Màmá wá tú gèlè wọn, wọ́n rọra ká a, wọ́n gbé ọ̀pá ìtìlẹ́yìn, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí gáréèjì ẹ̀yìn ilé.

Abẹ́ tapólì ni mọ́tò spọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì kan wà, tó rẹlẹ̀, tí imú rẹ̀ gùn. Ó ti pupa rí. Nígbà tí mo rí i, àwọ̀ bíríkì àtijọ́ ló kù lára rẹ̀, eku sì ti bímọ sínú àga iwájú. Màmá ra mọ́tò náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ríṣẹ́ nílùú yìí. Nígbà tí ọmọ dé, ó kéré jù fún wọn, jíà rẹ̀ tún bàjẹ́, wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀. Bùrọ̀dá ò ta á nítorí pé ó ti kú.

"Èyí tó kù nìyí," ni Màmá wí. Ọwọ́ wọn wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń tún àwọn kátakátá kéékèèké tó ń fa ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú ṣe. Bàbá Mẹkáníìkì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n yí mọ́tò náà ká, wọ́n súfèé.

"Màmá, irú èyí ti wọ́n lóde. Tí a bá tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ á máa lé yín kiri."

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń wà á."

Bàbá Mẹkáníìkì wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì gbójú kúrò. Wọ́n ṣàlàyé pé a lè yọ kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀, kí a fi jíà ọtọmátíìkì, tó ń yí ara rẹ̀, sí i, kí a sì gbé pẹ́dàlì iná, èyí tó ń mú mọ́tò sáré, láti apá ọ̀tún bíréèkì wá sí apá òsì. "Ṣùgbọ́n a máa bà á jẹ́ nìyẹn o, Màmá. Kò ní í jẹ́ ojúlówó mọ́."

"Ẹ bá mi bà á jẹ́," ni Màmá wí.

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgbà kan tí wọ́n ń kó mọ́tò tó ti kú jọ sí ni Bàbá Mẹkáníìkì ti rí irú mọ́tò náà tí wọ́n gbá nídìí. Wọ́n tú jíà ọtọmátíìkì ara rẹ̀ wá. Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi àti Màmá á máa fi sáńpépà ha ìpẹtà títí imú wa yóò fi pupa. Lẹ́yìn náà ni a tún un kùn ní ọ̀dà pupa. Òórùn gáréèjì náà ò ṣe é gbàgbé: epo ẹ́ńjìnnì, awọ tuntun, àti oògùn ìpara tí Màmá fi ń ra èjìká nítorí ọ̀pá.

Àga ni Màmá fúnra wọn ṣe. Awọ búlúù tó kù nílé iṣẹ́, tí ọ̀gá wọn fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére, ni wọ́n gé. Wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ wọn sí gáréèjì, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán ojú awọ méjì pọ̀. Ìlà tí mo kọ́kọ́ rán wọ́ bí ejò. Màmá fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Tú u."

"Màmá, kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Nínú bàálù, ẹni tó jókòó kì í mọ ẹni tó rán àga. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ á mọ̀. Tú u, ọmọ mi."

Mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ti Màmá bẹ̀rẹ̀ kí mọ́tò tó lè rìn. Wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ pátákó kan, wọ́n tì í sábẹ́ tábìlì ìjẹun: ti òsì ni iná, ti ọ̀tún ni bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni yóò máa tẹ méjèèjì. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa pàṣẹ. "Iná! Iná! Bíréèkì! Ọmọdé ń sáré sójú títì, Màmá, bíréèkì!" Tí mo bá kígbe báyẹn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ mì ni itan ọ̀tún wọn, bí ẹni pé ẹsẹ̀ tó ti lọ ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́. Màmá á fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Ìwọ sinmi." Oṣù méjì ni a fi ṣe èyí lójoojúmọ́, kí itan náà tó sinmi.

"Má sọ fún ọmọ mi o," ni wọ́n kìlọ̀ fún mi. "Tó bá parí, màá fi hàn án fúnra mi." Ìlérí tí mo ṣe nìyẹn, òun ni mo sì fi ẹnu ara mi tú lórí fóònù.

Bùrọ̀dá dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bàbá Mẹkáníìkì ti parí iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, èéfín ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Bùrọ̀dá dúró lẹ́nu gáréèjì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Mò ń tún mọ́tò mi ṣe."

"Ẹsẹ̀ kan lẹ ní, mà."

"Ẹsẹ̀ kan náà ló fẹ́."

"Tí ẹ bá gbá ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

Bàálù kan kọjá. Gbogbo wa dúró dè é kó lọ tán.

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn," ni Màmá wí. "Mo dúpẹ́ pé o béèrè. Nígbà tí o ń ta èkejì, o ò bi mí ní nǹkan kan."

Bùrọ̀dá ní àwọn máa pe ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò ní Monday. Màmá ò bá wọn jà. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí Bùrọ̀dá. "Má pe ẹnikẹ́ni. Gbé e jáde fúnra rẹ."

Bùrọ̀dá wọlé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, wọ́n fi í sí jíà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wá pẹ́dàlì, kò rí nǹkan kan. Ni ẹsẹ̀ òsì bá tẹ ohun tó bá pàdé, mọ́tò náà fò síwájú bí ewúrẹ́, ó kọlu àgbá ìdọ̀tí, ó dúró. Àgbá yí lulẹ̀. Bàbá Mẹkáníìkì yíjú sí ògiri kí ẹ̀rín má bàa pa wọ́n.

"Máa fún ẹsẹ̀ rẹ ní àkókò," ni Màmá wí, láìrẹ́rìn-ín. "Oṣù méjì ni mo fi kọ́ tèmi."

Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú mọ́tò náà, wọ́n wo pẹ́dàlì méjèèjì dáadáa. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní, "Ẹ lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ tuntun. Tí ìjọba bá ní ẹ lè wà á, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ní rárá, a máa fà á lọ." Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Láti Monday, ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi gbọ́ ọ̀pá lórí àjà. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa jókòó sórí ibùsùn mi, mo máa máa wo òkè. Ìyá mi bi mí bóyá ara mi ò yá. Ní ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré gòkè, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ mà. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi."

"Dìde." Wọ́n ń to òwú sínú àpótí, wọn ò kọ́kọ́ gbójú sókè. "Ọjọ́ méjì yìí, ara mi ni mò ń bínú sí. Òótọ́ lo sọ. Èmi àgbà ni mo di ẹrù irọ́ lé ọmọdé lórí, nítorí pé ẹ̀rù ọmọ tí mo bí ń bà mí." Wọ́n wá wò mí. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ mọ́. Ó yá, lọ jókòó. Pàṣẹ fún mi."

Mo pàṣẹ.

Màmá ò yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn wọ àárín mọ́tò méjì ni táyà ti gun ẹ̀bá títì. Bùrọ̀dá ló jókòó tì wọ́n lọ síbẹ̀, nítorí pé títí wọn yóò fi yege, ẹni tó ní ìwé ìwakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo sì ń retí ọkọ̀ tó máa fà á lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kejì, Bùrọ̀dá ló gbé àgbá ìdọ̀tí méjì sójú pópó níwájú ilé, tí wọ́n fi ìṣísẹ̀ díwọ̀n àyè tó wà láàárín wọn. "Ó yá, Mọ́mì. Ẹ̀yìn. Díẹ̀ sí i. Ẹ wo dígí." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá léraléra, láìsọ ìdí tí wọ́n fi ń wá.

Nígbà tí Màmá yege, wọn ò pariwo. Wọ́n wa mọ́tò pupa náà wọ iwájú ilé, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí n gbé ọ̀pá wọn wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní òpin oṣù yẹn, òjò ń rọ̀, Màmá ní ká lọ gbé ìyá mi. Ibùdókọ̀ lórí Merrick Boulevard ni wọ́n wà, láìní agbòjò. Mọ́tò spọ́ọ̀tì kan rọra dúró níwájú wọn, fèrèsé sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi sì kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n rò pé ọmọkùnrin aláìnítìjú kan ni. Màmá fọn fèrè. "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ ò ní wọlé ni?" Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín títí omi òjò àti omijé fi pò pọ̀ lójú wọn.

Ọdún mẹ́fà ni Màmá fi wa mọ́tò náà. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà tí Màmá pè mí lọ́jọ́ kan. Ọmọdé kan gun kẹ̀kẹ́ jáde láti àárín mọ́tò méjì. Kò sí ohun tó ṣe é. "Mo rí i," ni Màmá wí, "ṣùgbọ́n mo pẹ́ kí n tó rí i. Ojú mi ni." Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ìwé tí wọ́n sì fún Bùrọ̀dá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Bùrọ̀dá tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú. Màmá ní rárá.

Wọ́n ti di olóògbé báyìí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí ni láti kọ́ àwọn tí àìsàn ti mú nǹkan lára wọn bí wọ́n ṣe lè tún máa gbé ayé wọn. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń mú ìyá tàbí bàbá wọn wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ fún mi pé Mọ́mì ò lè dáná mọ́, pé Dádì ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Mo máa ń gbọ́ tiwọn tán. Lẹ́yìn náà, màá yí àga mi sí àgbàlagbà náà, màá bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ rò pé ẹ lè ṣe?" Màá sì dúró de èsì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àwọn kan á ní àwọn lè ṣe é. Àwọn kan á mi orí, wọ́n á ní ó ti tó. Èyí tí wọ́n bá sọ ni mo máa ń kọ sílẹ̀.